Ọtí ọdún tó gbé inú àgbá: bí a ṣe ń tọ́ ọ wò láìsọ ọ́ di omi yìnyín

Ìgò kan ṣoṣo ni àbúrò mi mú wá láti Chicago ní Kérésìmesì ọdún náà. Ó fi ṣòkòtò jíǹsì méjì wé e, ó tún fi ọ̀rá dì í lé e lórí. Ìgò kékeré ni, ó dúdú, wọ́n fi ìda pupa bo ọrùn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé sítáòtù ni, bíà dúdú nìyẹn, pé ó lo oṣù mẹ́wàá nínú àgbá bourbon (wisikí ilẹ̀ Amẹ́ríkà), pé sínámọ́nì, kànáfùrù àti èèpo ọsàn wà nínú rẹ̀, pé agbára rẹ̀ jẹ́ 12%.

Mo sọ ọ́ sí firísà. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Nígbà tí àlejò pé sílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ṣí i, mo bù ú sí kọ́ọ̀bù, mo ju yìnyín sí i. Òtútù la tọ́ wò, àti ìkorò, àti nǹkan kan tó ń jó ọ̀fun. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé èyí náà ni wọ́n torí ẹ̀ fi ṣòkòtò wé ìgò?" A gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, a bá ìrẹsì lọ.

Ó tó wákàtí kan lẹ́yìn náà kí n tó máa kó àwo. Mo rí i pé díẹ̀ ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìgò, èyí tí yìnyín kò kàn. Mo dà á sẹ́nu kí n lè rí ìgò sọ nù. Mo bá dúró sójú kan. Àgbọn yíyan. Kòkó. Ṣúgà tó jóná díẹ̀. Kànáfùrù ló wá dé kẹ́yìn, bí ẹni tó pẹ́ dé òde tí gbogbo èèyàn sì ń wò. Ọtí kan náà ni o, èyí tí a fi sílẹ̀ lórí tábìlì.

Torí kí ìgò kejì má baà rí báyẹn ni mo ṣe kọ ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Irú ọtí wo ni?

Níbi tí òtútù ti ń mú gan-an nílẹ̀ òkèèrè, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pọn bíà tó le ju ti ojoojúmọ́ lọ fún Kérésìmesì. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni Samichlaus. Zürich ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n ní 1979, Ọ́stríà ló ti ń wá báyìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń pọn ọ́n, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 14%. Òun kò ní èròjà olóòórùn kankan nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ló sábà máa ń rí nílẹ̀ Jámánì, torí òfin tí wọ́n ṣe ní Bavaria ní 1516 ní ọkà báálì, họ́ọ̀pù (òdòdó tó ń mú kí bíà korò) àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù àti Amẹ́ríkà ni kò jẹ́ kí òfin yẹn kàn wọ́n. Ilé ìpọntí Anchor ní San Francisco bẹ̀rẹ̀ bíà Kérésìmesì tiwọn ní 1975, ọdọọdún ni wọ́n sì ń yí ohun tí wọ́n fi ń pọn ọ́n padà kí ilé ìpọntí náà tó kógbá wọlé ní 2023.

Ti àgbá ni kí n ṣàlàyé díẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní ọtí tó bá máa jẹ́ bourbon gbọ́dọ̀ gbé inú àgbá igi óákù tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ dúdú. Tuntun ni wọ́n wí. Tí wọ́n bá ti lo àgbá yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé fi ṣe bourbon mọ́, ni wọ́n bá ń tà á. Ibẹ̀ làwọn apọntí bíà ti ń rà á, nǹkan bíi 200 lítà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á da bíà dúdú tó ti le tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́wàá, ọdún kan. Igi á máa mu bíà, á sì máa dá a padà pẹ̀lú ohun tó ti wà lára rẹ̀.

Bíà kò jìnnà sí wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ilé ìpọntí ńlá kan wà ní Ṣàgámù láti 2018. Ṣùgbọ́n lágà la mọ̀ jù, lágà ni òtútù sì yẹ. Àṣà tí a fi ń mu lágà ló ń ba èyí jẹ́.

Kí ẹ tó ṣí ìgò, ẹ lọ sọ́dọ̀ lẹ́kulẹ́jà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ló ṣe pàtàkì jù. Imú tí kò tíì mọ kànáfùrù lóun nìkan kò lè dá a mọ̀ láàárín èrò.

Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo lọ. Mo bá màmá kan nídìí àtẹ, mo ní kí wọ́n fún mi ní kànáfùrù díẹ̀, aríwó hóró méjì, ìyèré, èèrù, àti ata ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àgbo kí lo fẹ́ sè, ọmọ mi?"

"Ọtí ni mo fẹ́ tọ́ wò, mà."

"Ọtí wo ló ń jẹ kànáfùrù?"

"Ti òyìnbó ni, mà."

"Háà! Òyìnbó náà ti ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ni mo rí i pé òótọ́ pọ́nńbélé ni màmá sọ. Èèpo igi, èròjà tó ń ta sánsán, ọtí líle tó ń fa gbogbo rẹ̀ jáde: ẹni tó bá ti mu jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ti mọ ìdajì ọtí yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé imú Yorùbá kò mọ nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ wá ife kékeré bíi mẹ́jọ. Ẹ fọ́ kànáfùrù mẹ́ta sínú ọ̀kan, ẹ rẹ́ aríwó sínú òmíràn, ẹ fi ata ilẹ̀ sí ìkẹta, sínámọ́nì sí ìkẹrin, èèpo ọsàn tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bó sí ìkarùn-ún. Ẹ wá fi àgbọn tí ẹ yan lórí iná díẹ̀, kòkó lúbúlúbú, àti ṣúgà tí ẹ jẹ́ kó jóná di pupa rẹ́súrẹ́sú sínú èyí tó kù. Ṣíbí omi gbígbóná kan sórí àwọn èròjà, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ọmọ kan nínú ilé máa gbé ife sí yín nímú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dijú, kí ẹ máa dárúkọ. Ẹ máa ṣì í. Èmi pe aríwó ní sínámọ́nì lẹ́ẹ̀mejì. Nutmeg tí àwọn òyìnbó ń lò sún mọ́ aríwó gan-an, àfi pé ti aríwó wúwo díẹ̀ sí i. Ìyèré àti èèrù kò sí nínú ọtí wọn, mo kàn ń lò wọ́n kí n lè mọ ohun tí kò sí níbẹ̀.

Tí ẹ bá jẹ́ ará Ṣàgámù, obì gbànja kò ní wọ́n yín. Ẹ jẹ ẹ̀là kan lọ́jọ́ ìdánrawò yìí. Ẹ kíyè sí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń fún, tí ahọ́n ń gbẹ bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ nù ún. Ohun tí igi óákù ń ṣe fún ẹnu gẹ́lẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọtí wò gan-an, ẹ má fẹnu kan obì o. Omi lásán ń dùn lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, ọtí náà á sì parọ́ fún yín.

Ibi tí ìgò ń gbé

Lóòró, nínú òkùnkùn, níbi tó tutù. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n lè fi sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Kò sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ooru sì ń mú ọtí gbó kíákíá. Ìsàlẹ̀ fíríìjì ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù, kì í sì ṣe búùtù mọ́tò. Mo gbàgbé ọ̀kan sínú búùtù fún ọ̀sẹ̀ méjì rí. Bébà tí omi rin ló ń rùn nígbà tí mo ṣí i. Bákan náà, ẹ má fi ti eléròjà pa mọ́ pẹ́ jù. Òórùn èròjà ló ń kọ́kọ́ kúrò, àgbá á kù.

Òtútù rẹ̀

Láàárín 10 °C sí 14 °C ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Kò sí ohun èlò ìwọ̀n ooru nílé ọ̀pọ̀ wa, nítorí náà ọ̀nà tèmi nìyí. Ẹ yọ ọ́ nínú fíríìjì, ẹ gbé e sórí tábìlì. Ara ìgò á máa làágùn. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí kò ta ọwọ́ bíi yìnyín mọ́, ṣùgbọ́n tó ṣì tutù ju omi inú àmù lọ, ó tó ṣí. Lọ́sàn-án gangan, ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni. Láàárọ̀ ọyẹ́, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá fi máa mu ún tán, á ti dé ti omi àmù, ibẹ̀ ló sì ti ń sọ̀rọ̀ jù.

Ife, ìda, dídà

Ife wáìnì tí ikùn rẹ̀ yọ tí ẹnu rẹ̀ sì súnkì ló dára jù, torí ó ń kó òórùn jọ. Kọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó kò wúlò. Kí ife má ní òróró kankan lára, kó má sì rùn bí aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n fi nu ọwọ́ ẹja. Ẹ fi omi lásán ṣàn án gbẹ̀yìn.

Tí ìda bá wà lọ́rùn ìgò, ẹ má wulẹ̀ máa fi èékánná họ ọ́. Èyí tó rọ̀, ẹ fi ohun ìṣígò ṣí i bí ẹni pé ìda kò sí. Èyí tó le, ẹ da omi gbígbóná sórí rẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ yíká lábẹ́ ìdérí. Lẹ́yìn náà kí ẹ nu ẹnu ìgò, torí ìda inú ọtí kì í ṣe èròjà.

Ẹ dà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ife, kó má ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, ẹ fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀. Kò léwu, ó kàn ń da òórùn rú ni. Ìfófó rẹ̀ lè kéré, ó sì lè yára lọ. Ọtí tó le tó báyìí kì í fófó bíi lágà, ẹ má pè é ní ọtí tó ti kú.

Ìṣirò kékeré kan. Ìgò lágà ńlá wa, 60 cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%, ọtí pọ́nńbélé 3 cl ló wà nínú rẹ̀. Ìgò kékeré 33 cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 12% ní bíi 4 cl. Ìgò tó kéré ló gbé ọtí tó pọ̀ jù. Èèyàn mẹ́rin ni mo máa ń pín in fún, bíi 8 cl lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá máa wakọ̀ padà lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin lálẹ́, kó gbóòórùn tirẹ̀, kó gbé ife fún ẹlòmíì. Tó bá sì jẹ́ àsìkò Ojúde Ọba lẹ fẹ́ ṣí i, ọjọ́ kẹta Iléyá nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó wá kí Awùjalẹ̀ ni kì í fẹnu kan ọtí. Ẹ jẹ́ kí àlejò lọ tán.

Imú

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí èéfín ìrẹsì onígi kò dé, tí kò sì sẹ́ni tó fín lọ́fínńdà sára débi pé ilé ń mì. Mi ò fi èyí ṣeré. Lọ́fínńdà àǹtí wa kan ti gba ife kan lọ́wọ́ mi rí.

Ẹ gbé ife sí àyà, kì í ṣe sí imú. Ẹ fa afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e dé àgbọ̀n, ẹ tún fà á. Ní ìkẹta kí ẹ wá gbé e sábẹ́ imú, kí ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ fà á ní kúkúrú kúkúrú bí ajá tó ń wá nǹkan. Ẹni tó bá ki imú bọ ife lẹ́ẹ̀kan náà, ọtí á ta á nímú, kò sì ní rí nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ yí ife pò díẹ̀, ẹ tún gbọ́ òórùn rẹ̀. Tí imú bá ti rẹ̀, ẹ gbóòórùn ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ tún padà síbẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ síta, torí tí ẹ̀gbọ́n bá ti ní "fànílà ni", gbogbo ilé á máa gbóòórùn fànílà.

Ẹnu

Ìfàmu àkọ́kọ́, ẹ kàn fi fọ ẹnu ni. Ẹ má dájọ́ lórí rẹ̀. Ìkejì ni kí ẹ jẹ́ kó dúró lórí ahọ́n, kí ẹ máa yí i ká bí ẹni tó fẹ́ yọ omi lẹ́nu, kí ẹ ka oókan dé aárùn-ún, kí ẹ gbé e mì, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ wá mí jáde látimú. Èémí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní adùn, ẹ̀yìn ọ̀fun ló ń gbà gòkè sí imú.

Ooru mẹ́ta ló máa ń wà nínú irú ọtí yìí. Ó pẹ́ kí n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti ọtí fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, á sì tàn ká níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn yáná. Ti ata ilẹ̀ kì í dé àyà. Ahọ́n ló ń ta, kì í sì í tètè lọ. Ti kànáfùrù kì í ṣe ooru gan-an tí ẹ bá wò ó dáadáa: ahọ́n ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Òróró inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní eugenol ni àwọn oníṣègùn eyín máa ń lò fún eyín tó ń dunni. Igi óákù náà ní díẹ̀ nínú eugenol yìí lára, nítorí náà ẹ lè gbóòórùn kànáfùrù nínú ọtí tí ẹnikẹ́ni kò fi kànáfùrù sí. Ẹ wo ara ìgò kí ẹ tó bá ara yín jiyàn.

Sínámọ́nì jẹ́ ẹlẹ́tàn. Imú á ní ó dùn, ahọ́n á wá ṣúgà tì.

Ẹ wá béèrè bó ṣe ki sí. Ṣé ó ń ṣàn bí omi, àbí ó dà bí ẹ̀kọ mímu tó wà lójú ọ̀nà àtidì? Sítáòtù inú àgbá tó dára á wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní lẹ̀ mọ́ eyín. Lẹ́yìn tí ẹ gbé e mì, ẹ dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fún bí ìgbà tí ẹ jẹ gbànja? Àgbá nìyẹn. Ìkorò wà lẹ́yìn ahọ́n? Họ́ọ̀pù àti ọkà tí wọ́n yan dúdú nìyẹn. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ mí kí adùn rẹ̀ tó lọ. Ti ìgò kejì mi, mo ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì ìtàn kan kó tó lọ.

Àgbọn àti fànílà ló ń sọ pé àgbá bourbon ni, torí igi óákù Amẹ́ríkà ní ohun tó ń rùn bí àgbọn lára gan-an. Tó bá jẹ́ àgbá rọ́ọ̀mù, ṣúgà ìrèké tó jóná lẹ máa rí. Àgbá wáìnì pupa á mú kíkan díẹ̀ wá, bíi ti àgbálùmọ̀ tó pọ́n dénú, èèpo rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi ife sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ẹ ó rò pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.

Tí nǹkan bá ti bàjẹ́

Bébà tó rin omi: ooru tàbí afẹ́fẹ́ ti bà á jẹ́. Kíkan bí ọtí kíkan tí wọ́n fi ń pò sàláàdì, nínú ọtí tí wọn kò sọ pé ó kan: kòkòrò tí ojú kò lè rí ti wọ̀ ọ́. Adùn bí omi mágì: ó ti gbó jù. Èyí tó kẹ́yìn yìí, tó bá kéré, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò fẹ́.

Kí la ó fi sẹ́nu?

Kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n máa bú mi nílé. Ata inú rẹ̀ àti ọtí tó le tó báyìí á jọ dáná sí yín lẹ́nu, ẹ kò ní rí ìkankan tọ́ wò nínú méjèèjì. Ẹ fi ìkọ́kọrẹ́ ṣe oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ mu omi, kí ẹ sinmi. Dòdò ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dúdú, ẹ̀pà yíyan tí kò níyọ̀, wàrà, tàbí kéèkì ọdún tó dúdú dáadáa ló bá a mu. Láti fọ ẹnu láàárín ìfàmu, omi lásán àti bisikíìtì tí kò ní ṣúgà. Búrẹ́dì Agége dùn jù fún iṣẹ́ yìí, gàrí Ìjẹ̀bú sì kan jù. Kíkan rẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí.

Tí ẹ bá mu ún tán, ẹ má fọ ife lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ dorí àwo kékeré kan dé e, kí ẹ lọ sùn. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dáná, ẹ ṣí i, ẹ gbé e sí imú. Ọtí ti fò lọ, kànáfùrù ti lọ. Igi ló kù, àti fànílà, gbẹrẹfu bí inú àpótí aṣọ àgbà. Ìyá mi bá mi nídìí rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Bọ́síńdè, wọ́n gba ife lọ́wọ́ mi, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Ibo lo fi èyí tó kù sí?"